Láti Boribana dé California: Ọrùn ta ni ẹ̀bi wà nígbà tí iná ọba bá di ìṣòro?

Ní èdè Dioula tí wọ́n ń sọ káàkiri ọjà Abidjan, Boribana túmọ̀ sí "eré sísá ti parí". Ẹni tó ti sá títí, tí kò sì níbòmíràn láti sá lọ mọ́, ló ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Orúkọ yìí ni wọ́n fún àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù kan ní etí ọ̀sà, ní agbègbè Attécoubé nílùú Abidjan, tó jẹ́ olú ìlú ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè Ivory Coast. Kò jìnnà sí Plateau, níbi tí ilé gogoro àwọn báńkì àti ọ́fíìsì ìjọba wà.

Ọmọ Yorùbá kò ṣe àjèjì sí Abidjan. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará Ẹ̀jìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun àti àwọn ìlú tó yí i ká ti ń lọ ṣòwò níbẹ̀, débi pé ọkọ̀ èrò máa ń gbéra láti Ẹ̀jìgbò lọ sí Abidjan, àwọn ọmọ tí wọ́n sì bí síbẹ̀ ń sọ Faransé bí ẹní mumi.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń fi iná Abidjan yangàn nígbà tí wọ́n bá délé. Òótọ́ ni pé iná Ivory Coast dúró dáadáa ju ti Nàìjíríà lọ, débi pé orílẹ̀-èdè náà ń tà á fún Ghana, Burkina Faso, Mali àtàwọn mìíràn.

Ṣùgbọ́n iná yìí kan náà ti fa ìfẹ̀hónúhàn, ó ti pa èèyàn, wọ́n sì ti fi ṣe ohun ìjà nínú ogun. Gbogbo ìgbà tí wàhálà bá dé, ìbéèrè kan náà ló máa ń jẹ yọ: ṣé iléeṣẹ́ tó ń pín iná ló jẹ̀bi ni, àbí ìjọba?

Báwo ni iná ṣe ń dé ilé mẹ̀kúnnù ní Abidjan?

Ní àwọn àdúgbò bíi Boribana, tí ọ̀pọ̀ ilé kò ní ìwé ilẹ̀, kì í ṣe gbogbo ilé ló ní mítà tirẹ̀. Ẹnì kan tó ní mítà létí títì yóò fa wáyà sí ilé aládùúgbò rẹ̀, ìyẹn náà yóò fà á síwájú. Kó tó pẹ́, wáyà á ti bo òkè àdúgbò bí òwú aláǹtakùn. Orúkọ aláǹtakùn yẹn gan-an làwọn ará Abidjan ń pè é lédè Faransé.

Ẹni tó ní mítà ló ń ta iná fún àwọn tó kù. Kì í fi mítà wọ̀n ọ́n fún wọn. Iye gílóòbù, fáànù àti tẹlifíṣọ̀n tí èèyàn ní ló máa ń wò láti bu owó lé e lóṣooṣù. Ẹni tó bá ní fíríìjì yóò san jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Iná irú èyí léwu gan-an. Wáyà tín-ín-rín tó ń gbé ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ máa ń gbóná, ó sì lè dá iná sílẹ̀ láàrín ilé onípákó. Tí òjò bá dé, wáyà tó já sínú ẹrẹ̀ lè pa ọmọdé.

Tí ìjà bá ṣẹlẹ̀ lórí owó, kò sí ibi tí ẹni tó ń ra iná lè gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ. Kò ní ìwé kankan lọ́wọ́, orúkọ rẹ̀ kò sì sí lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tó ń pín iná.

Kí ló dé tí òtòṣì fi ń san ju olówó lọ?

Ìjọba Ivory Coast ní owó iná tó rọjú fún àwọn tí apá wọn kò ká a. Ilé tó bá ń lo mítà kékeré oní-ámípíà 5 ló wà fún. Láàrín oṣù méjì, ilé bẹ́ẹ̀ yóò san owó pọ́ọ́kú lórí kílówáàtì 80 àkọ́kọ́ tó bá lò. Tó bá ti kọjá 80, owó yóò gbé sókè.

Ètò yìí dára fún ilé kan tó ní mítà kan. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìdílé mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá bá ń pín mítà kan lò.

Kílówáàtì 80 náà yóò tán láàrín ọjọ́ mélòó kan. Èyí tó kù nínú oṣù méjì náà, owó gọbọi ni wọn yóò fi rà á. Tí mítà náà bá tún ju ámípíà 5 lọ, wọn kò ní jẹ àǹfààní owó pọ́ọ́kú náà rárá. Lórí gbogbo rẹ̀, ẹni tó ń ta iná náà yóò fi èrè tirẹ̀ lé e.

Ìyẹn ni pé ìrànwọ́ tí ìjọba ṣe nítorí òtòṣì kì í dé ọ̀dọ̀ òtòṣì tí kò ní mítà. Ẹni tó ń tan gílóòbù méjì péré ní àdúgbò bíi Boribana lè máa san owó tó pọ̀ lórí kílówáàtì kan ju ẹni tó ní mítà tirẹ̀ ní àdúgbò tó lójú lọ.

Ó rọrùn láti dá ẹni tó ń ta iná lẹ́bi pé ajẹ́lẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àyè tí ìjọba àti iléeṣẹ́ iná fi sílẹ̀ ló kún. Tí mítà bá wà nílé kọ̀ọ̀kan, ọjà rẹ̀ kò ní tà.

Ta ló ni iná Ivory Coast gan-an?

Ẹni tí ará ìlú mọ̀ ni CIE, iléeṣẹ́ tó ń mú ìwé owó iná wá, tó sì ń gé iná ẹni tí kò bá san. Torí náà, CIE làwọn èèyàn máa ń bú.

Ṣùgbọ́n CIE kọ́ ló ni òpó àti wáyà. Ìjọba ló ni wọ́n.

Ní ọdún 1990, nígbà tí Félix Houphouët-Boigny wà nípò ààrẹ, iléeṣẹ́ iná ìjọba tó ń jẹ́ EECI ti wọ gbèsè. Ìjọba wá gbé iṣẹ́ pínpín iná àti gbígba owó fún CIE, iléeṣẹ́ aládàáni tuntun kan tí àwọn iléeṣẹ́ Faransé ni ìpín tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àdéhùn ọdún 15 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Wọ́n sọ ọ́ dọ̀tun ní ọdún 2005, wọ́n sì tún fi ọdún 12 lé e ní ọdún 2020.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn iléeṣẹ́ aládàáni tó ń pèsè iná wọlé. CIPREL bẹ̀rẹ̀ láàrín àwọn ọdún 1990, Azito sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1999. Gáàsì inú òkun Ivory Coast làwọn méjèèjì ń lò.

Ìjọba ló ń ra gáàsì yìí, òun náà ló sì ń ra iná tí wọ́n bá fi gáàsì náà ṣe. Nínú àwọn àdéhùn kan, ìjọba gbọ́dọ̀ san owó iye tí wọ́n jọ fẹnu kò sí, bó lò ó bí kò lò ó.

Láti òpin ọdún 2011, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń jẹ́ CI-ENERGIES ló ń ṣètò ibi tí iná yóò ti wá lọ́jọ́ iwájú àti àwọn ohun amáyédẹrùn tí wọ́n ní láti kọ́. Àjọ ANARE-CI ló wà láti máa ṣọ́ gbogbo wọn, kó sì gbọ́ ẹjọ́ àwọn oníbàárà. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló sì ń fọwọ́ sí iye tí ará ìlú yóò san.

Tí èèyàn bá wo ètò yìí dáadáa, yóò rí i pé ìjọba ló ni òpó, òun ló ń ra gáàsì, òun ló ń ra iná, òun náà ló ń bu iye tí wọn yóò tà á. CIE ń bá a pín in, ó sì ń bá a gba owó.

Nígbà tí odò fà, tí ẹ̀rọ sì bàjẹ́

Kò ṣàdédé jẹ́ pé Ivory Coast gbára lé gáàsì. Odò ni orílẹ̀-èdè náà kọ́kọ́ gbójú lé. Lẹ́yìn òmìnira, wọ́n kọ́ ìsédò Kossou sórí odò Bandama, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1972. Taabo tẹ̀ lé e ní ọdún 1979, Buyo sì dé ní ọdún 1980.

Lọ́dún 1983 àti 1984, ọ̀dá dá. Omi tó wà lẹ́yìn ìsédò fà, iná kò sì tó pín mọ́. Abidjan, tí wọ́n ń fi ṣe àpẹẹrẹ ìlú tó gbajúmọ̀ jù ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà nígbà náà, wọ òkùnkùn. Ẹ̀kọ́ tí ìjọba kọ́ ni pé kò yẹ kí wọ́n gbé gbogbo ìrètí lé òjò nìkan.

Àmọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2010, iná tún di ìṣòro nítorí pé ẹ̀rọ ńlá kan ti bàjẹ́ ní Azito. Ìyẹn nìkan ti tó láti mú kí wọ́n máa pín iná lákòókò-lákòókò fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìjọba ní láti lọ háyà ẹ̀rọ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ Aggreko kí iná tó padà bọ̀ sípò.

Nígbà tó di ọdún 2021, méjèèjì pàdé. Omi fà ní àwọn ìsédò, ẹ̀rọ kan tún bàjẹ́ ní Azito. Láti ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún, CIE bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àtẹ síta nípa àdúgbò tí wọn yóò mú iná rẹ̀ lọ àti àkókò tí wọn yóò mú un lọ. Àwọn aláṣẹ ní nǹkan bíi mẹ́gáwáàtì 200 ló dín nínú iná tí orílẹ̀-èdè náà nílò.

Ilé tó ń ta yìnyín, ṣọ́ọ̀bù afẹrọránṣọ àti ilé ìwòsàn kéékèèké fara gbá a. Mali àti Burkina Faso tó ń ra iná lọ́wọ́ Ivory Coast náà rí i pé ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ wọn ti dín kù.

Ìjọba kọ́ ló mú ọ̀dá wá, òun kọ́ ló sì ba ẹ̀rọ jẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún 37 tí ọ̀dá ọdún 1984 ti kọ́ wọn pé odò lè gbẹ, ó sì ti tó ọdún 11 tí Azito ti kọ́ wọn pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo lè da ìlú rú.

Ohun tó jẹ́ ojúṣe ìjọba ni pé kó ní ẹ̀rọ mìíràn nípamọ́, èyí tí wọn yóò lè tàn lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́. Iye iná tí ará ìlú ń lò ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, òun náà ló sì ń ka iye yẹn. Wọ́n kọ́ ìsédò Soubré, tó ní agbára mẹ́gáwáàtì 275, tí wọ́n sì ṣí i ní ọdún 2017, síbẹ̀ ọdún 2021 ṣì bá wọn lójijì.

Ọdún 2016: Ẹ̀bi náà ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́

Ọdún 2016 ló fi hàn jù bí ìjọba àti iléeṣẹ́ iná ṣe lè máa ju ẹ̀bi síra wọn.

Ìjọba ti fọwọ́ sí i pé kí owó iná gbẹ́nu sókè díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé owó iná dé ọwọ́ àwọn èèyàn níbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, ọ̀pọ̀ figbe ta pé èyí kọjá ohun tí wọ́n kéde.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún, tó jẹ́ Àyájọ́ Àwọn Òṣìṣẹ́, Ààrẹ Alassane Ouattara sọ̀rọ̀ ní gbangba. Ó ní àfikún tó dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà kan ju èyí tí ìjọba fọwọ́ sí lọ, ó sì fagi lé e. Ó tún ṣèlérí pé àwọn yóò ṣí ẹ̀ka iná sílẹ̀ fún ìdíje.

Inú àwọn èèyàn dùn. Àmọ́ nígbà tí ìwé owó iná mìíràn dé ní oṣù Keje, owó kò wálẹ̀ bí wọ́n ṣe rò. Ìbínú ru bo ìlú mélòó kan. Ní Bouaké, ní ọjọ́ 22 oṣù Keje, wọ́n kó ẹrù ní ọ́fíìsì CIE àti àwọn iléeṣẹ́ ìjọba. Ó kéré tán, ẹnì kan pàdánù ẹ̀mí rẹ̀, ọ̀pọ̀ sì fara pa.

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, iléeṣẹ́ iná ló ń gba òkúta. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ lóòótọ́ ni pé ó gba ju iye tí wọ́n fọwọ́ sí lọ, a jẹ́ pé àwọn tó yẹ kó máa ṣọ́ ọ kò ṣọ́ ọ. Bí kò bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ìjọba kò ṣàlàyé ohun tó fọwọ́ sí fún ará ìlú. Ọ̀nà méjèèjì ló padà sọ́dọ̀ ìjọba.

Ìdíje tí ààrẹ ṣèlérí náà kò sì tíì dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹnikẹ́ni. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n tún àdéhùn CIE ṣe.

Nígbà tí iná di ohun ìjà

Àpẹẹrẹ kan tún wà tí kò ní í ṣe pẹ̀lú ẹ̀rọ tàbí òjò.

Lẹ́yìn ìdìbò ọdún 2010, Laurent Gbagbo kọ̀ láti fi ipò sílẹ̀ fún Ouattara, tí àjọ elétò ìdìbò àti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbà pé ó wọlé. Àwọn ọmọ ogun tó ń ti Ouattara lẹ́yìn ló wà ní àríwá, ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná sì wà ní Abidjan, lábẹ́ àwọn èèyàn Gbagbo.

Ní òpin oṣù Kejì ọdún 2011, iná kú jákèjádò àríwá. Omi náà dáwọ́ dúró nítorí pé iná ni wọ́n fi ń fà á. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí iná tó padà dé. Ilé ìwòsàn, aláboyún àti ọmọdé tí kò mọ̀dí òṣèlú ló jìyà rẹ̀.

Kò sí àríyànjiyàn nípa ẹ̀bi nínú irú èyí. Ẹni tó di ìdarí iná mú lè fi ìka kan pa ìdajì orílẹ̀-èdè.

California: Nígbà tí àwọn oníṣòwò fi iná ṣeré

Àwọn kan gbàgbọ́ pé tí ìjọba bá yọ ọwọ́ kúrò, tí iná di ọjà gbogboogbò, ìṣòro yóò tán. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2000 sí 2001 fi hàn pé ọ̀rọ̀ kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1996, California ṣe òfin tó sọ iná di ọjà. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń pín iná ta ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìpèsè iná wọn, wọ́n sì ní láti máa ra iná lójoojúmọ́ bí ẹní ra tòmátì. Owó tí wọ́n fi ń rà á lè lọ sókè bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n òfin ti de iye tí wọ́n lè tà á fún ará ìlú.

Àwọn oníṣòwò rí àyè yìí. Iléeṣẹ́ Enron àti àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í dọ́gbọ́n. Wọn yóò kó iná kúrò ní California, wọn yóò tún kó o padà bí ẹni pé láti òkèèrè ló ti wá, kí wọ́n lè gba owó tó pọ̀ jù. Wọn yóò díbọ́n pé àwọn fẹ́ gbé iná gba ojú wáyà tó ti kún, kí wọ́n lè gba owó pé àwọn mú ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí fóònù, tó jáde síta ní ọdún 2005, fi hàn pé òṣìṣẹ́ Enron kan sọ fún àwọn tó ń ṣàkóso ẹ̀rọ iná kan pé kí wọ́n wá àwáwí láti pa á, ní àkókò tí iná ń kú ní California.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2000, iye owó iná lójú ọjà ti ju ìlọ́po mẹ́wàá ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 2001, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa iná láti àdúgbò dé àdúgbò ní ọ̀kan lára àwọn ìpínlẹ̀ tó lówó jù lágbàáyé. Ní oṣù Kẹrin, iléeṣẹ́ PG&E tó ń pín iná kéde pé àwọn kò lè san gbèsè mọ́.

Àwọn oníṣòwò jẹ̀bi, àwọn kan nínú wọn sì gbà níwájú ilé ẹjọ́ pé àwọn jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ìjọba ìpínlẹ̀ ló ṣe òfin tó fàyè gbà wọ́n. FERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójútó ọjà iná, fa ẹsẹ̀ títí di oṣù Kẹfà ọdún 2001 kó tó de iye owó iná ní gbogbo ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà. Kété lẹ́yìn náà, owó wálẹ̀.

Yorùbá ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní California, àgbà wà lọ́jà, ó sì ń wo orí ọmọ bó ṣe ń wọ́. Àwọn olùdìbò yọ Gómìnà Gray Davis nípò ní ọdún 2003, ọ̀rọ̀ iná sì wà lára ohun tó bí wọn nínú.

Ivory Coast kò ní irú ọjà yìí. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ìjọba nìkan ló ń ra iná, kò sí àyè fún oníṣòwò láti ṣe bíi ti Enron. Ṣùgbọ́n níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ìjọba nìkan ló ń rà á, kò sí ẹlòmíràn tó lè di ẹ̀bi rẹ̀ lé lórí.

Nàìjíríà ńkọ́?

Nàìjíríà wà láàrín méjèèjì. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2013, ìjọba fa ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tó ń pín iná àti àwọn tó ń pèsè rẹ̀ lé àwọn aládàáni lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n òpó ńláńlá tó ń gbé iná káàkiri orílẹ̀-èdè ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba, àjọ NERC sì ń fọwọ́ sí iye owó.

Nítorí náà, nígbà tí iná bá lọ, iléeṣẹ́ tó ń pín in yóò ní àwọn kò rí iná gbà. Àwọn tó ń pèsè rẹ̀ yóò ní wọn kò san owó gáàsì. Àwọn tó ni òpó yóò ní ẹrù pọ̀ jù. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, NERC gbé owó iná àwọn oníbàárà Band A láti bíi ₦68 lọ sí ₦225 fún kílówáàtì kan, pẹ̀lú ìlérí wákàtí 20 lójúmọ́.

Òfin iná ọdún 2023 ti fún àwọn ìpínlẹ̀ láǹfààní láti máa ṣàkóso ọjà iná tiwọn, àwọn bíi Èkìtì, Oǹdó, Ọ̀yọ́ àti Èkó sì ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ NERC. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ẹni tí ará Adó-Èkìtì yóò bi léèrè kì í ṣe Abuja nìkan mọ́.

Báwo lẹ ṣe lè mọ ẹni tó jẹ̀bi?

Nígbà tí iná bá lọ tàbí tí owó rẹ̀ bá fò sókè, ìbéèrè mẹ́rin lè ràn yín lọ́wọ́ láti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Àkọ́kọ́, ṣé ẹ̀rọ tàbí wáyà ló bàjẹ́ ní àdúgbò yín nìkan? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, iléeṣẹ́ tó ń pín iná ni kí ẹ dojú kọ.

Ìkejì, ṣé gbogbo orílẹ̀-èdè ni iná kò tó fún? Ìyẹn ọ̀rọ̀ ètò ọjọ́ iwájú ni, ìjọba tàbí iléeṣẹ́ tó gbé iṣẹ́ náà fún ló yẹ kó dáhùn.

Ìkẹta, ta ló fọwọ́ sí iye tó wà lórí ìwé owó iná yín? Àjọ tó fọwọ́ sí i gbọ́dọ̀ lè sọ bó ṣe ṣírò rẹ̀.

Ìkẹrin, ta ló ń jèrè nígbà tí iná bá wọ́n? Ìbéèrè yìí ni àwọn ará California kò tètè béèrè.

Eré sísá kò tíì parí

Kò yẹ ká gbàgbé ohun tí ìjọba Ivory Coast ti ṣe. Láti ọdún 2014, ètò tí wọ́n ń pè ní "Iná fún gbogbo èèyàn" ti jẹ́ kí ìdílé lè san 1,000 owó CFA kí wọ́n sì fa iná wọlé fún wọn, kí wọ́n máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀ fún ọdún 10. Ilé tó ju mílíọ̀nù kan lọ ló ti jàǹfààní rẹ̀.

Ètò náà fi hàn pé owó ìfàwọlé ló ń dí ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, kì í ṣe pé àwọn èèyàn kò fẹ́ san owó iná. Ẹni tó ń san owó lóṣooṣù fún aládùúgbò rẹ̀ lórí gílóòbù méjì lè san án fún CIE, tí mítà bá lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mítà kì í rọrùn láti dé ibi tí ìjọba kò gbà pé ó yẹ kí èèyàn máa gbé. Ní ọdún 2024, katakata wó ilé ní Boribana, Gesco, Banco 1 àti àwọn àdúgbò mìíràn ní Abidjan. Àwọn aláṣẹ ní ewu omíyalé àti ètò ìlú ló fà á. Àjọ Amnesty International ní ọ̀pọ̀ ìdílé ni wọ́n lé jáde láì fún wọn ní àkókò tó tó.

Ní Abidjan, ìwé owó iná CIE wà lára ohun tí èèyàn fi ń jẹ́rìí pé ibi báyìí lòun ń gbé. Ẹni tó fi ọdún 20 ra iná lọ́wọ́ aládùúgbò kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ó san owó iná, ó sì san án ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n ń béèrè ẹni tó ń gbé ibẹ̀, kò sí bébà kan ṣoṣo tó gbé orúkọ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wó àdúgbò tó ń jẹ́ "eré sísá ti parí", àwọn tó ń gbé ibẹ̀ di ẹrù wọn, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí wọn yóò sá lọ. Ibikíbi tí wọ́n bá dé, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ béèrè lẹ́yìn omi ni ẹni tó lè fa wáyà kan fún wọn.